Láti Ẹ̀bá Ọpọ́n: Oògùn pupa àti ọjọ́ mọ́kànlélógún

 

Ẹ ti rí i pé ẹ ò rí ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn. Olótùú kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara Bàbá ò yá díẹ̀. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n "díẹ̀" yẹn kì í ṣe òótọ́. Látìgbà náà, àwọn kan ní wọ́n ti sà sí mi, àwọn kan ní mo ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ékòó. Ẹnìkan tilẹ̀ pe ìyá ilé mi láti Ìlaròó, ó ń kí i kú ọ̀fọ̀. Mo wà láyé o. Àrùn jẹjẹrẹ ló ń ṣe mí, oríṣi tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Mo ti gba oògùn kímò lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà tí wọ́n ní mo máa gbà. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, nítorí ẹni tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn á bá a sọ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ọdún Ifá tó kọjá, mo fọwọ́ kan kókó kan lábẹ́ àgbọ̀n mi lápá òsì. Kò ju hóró iṣin lọ, kò sì dùn mí. Èmi tí mo ti ń wo kókó fún àwọn ẹlòmíràn láti ogójì ọdún ó lé, ṣé n óò wá máa sá kiri nítorí kókó kan? Mo po nǹkan, mo fi lé e. Mo mu àgbo. Ó dà bí ẹni pé ó ń rọ̀, ló bá tún le. Nínú oṣù kejì, òmíràn yọ sí abíyá. Nínú oṣù kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lóru débi pé aṣọ ìbora mi á rin gbindin bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Àwọn aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi mì. Ìyá ilé mi ní, "Baálé mi, ẹ mà ń rù o." Mo ní ọ̀dá owó ló ń ṣe mí. A rẹ́rìn-ín, a sùn.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí mi ló wá láti Èkó nígbà tí ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Kò bá mi jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀." Mo bínú, mo wọlé lọ. Nígbà tí mo jáde, ó ṣì wà nílẹ̀. Mo wọ ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi retí èsì. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ni, kò lè ju ọmọ mi kẹta lọ. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń ṣọ́ ara. Díẹ̀ nínú àwọn tiyín ti yapa. Wọ́n ń bí sí i, wọn ò sì kú nígbà tó yẹ kí wọ́n kú. Àwọn ló kóra jọ síbi tí ẹ ti ń rí kókó yẹn." Mo bi í bóyá ó ṣeé wò. Ó ní, "Ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó máa ń gbọ́ oògùn, sà. Mi ò lè ṣèlérí fún yín, ṣùgbọ́n ó tọ́ ká gbìyànjú, ká sì tètè bẹ̀rẹ̀."

Mo padà sílé, mo ránṣẹ́ sí ojùgbọ̀nà mi pé kó wá dá Ifá fún mi. Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò dá a fúnra mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà máa ń fa Odù lọ síbi tó wù ú. Odù tó jáde, àwa tó wà níbẹ̀ la mọ̀ ọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ohun tí Ifá wí yé mi yékéyéké: kí n rúbọ, kí n má ṣe dá ọ̀nà náà rìn, kí n sì gbọ́ ti ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún. A di ìbò lórí ilé ìwòsàn, ire ló fọ̀. Mo rú ẹbọ mi, mo gbé àpò mi, mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kímò ṣe rí, nítorí èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń ki ènìyàn bọ̀. Oògùn lásán ni. Tèmi jẹ́ mẹ́rin, wọ́n kó lẹ́tà orúkọ wọn jọ, wọ́n ń pè é ní CHOP. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, torí ọ̀kan nínú oògùn náà lè pa ọkàn lára. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kí n má baà máa bì. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan gbé abẹ́rẹ́ ńlá kan jáde, oògùn inú rẹ̀ pọ́n bí sóbò. Ó ń tì í wọ inú iṣan mi díẹ̀díẹ̀, kò gbójú kúrò lọ́wọ́ mi, torí tó bá jò sábẹ́ awọ, á jó ẹran ibẹ̀. Doxorubicin ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá tọ̀ tó pọ́n, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ kọ́, oògùn yìí ni." Bó sì ṣe rí nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wo ìtọ̀ mi, mo rántí ọ̀rọ̀ ọmọ náà, ọkàn mi balẹ̀. Ká ní kò sọ fún mi ni, n bá ti pariwo jí gbogbo àdúgbò.

Oògùn kejì kéré, ó mọ́ bí omi. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi omi fà sí mi lára, wọ́n ní kí n máa mu omi dáadáa kí n sì máa tọ̀ lóòrèkóòrè, kó má baà jó àpò ìtọ̀ mi. Ẹ̀kẹrin, oníhóró ni, prednisolone. Ogún hóró lójúmọ́, fún ọjọ́ 5, láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo da ogún hóró sí àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó títí. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí n sùn, ó sì ń mú kí ebi pa mí bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá ilé mi ní tó bá jẹ́ báyìí ni àìsàn ṣe ń rí, kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Láti ọjọ́ kẹfà, ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ oko tí oorun máa ń wò. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo fẹ́ wọ bàtà, mo ń wo bàtà náà títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ẹnu mi ń ta mí, omi ń dà bí irin lẹ́nu mi. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, òtútù mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ní kí ìyá ilé mi bo aṣọ lé mi, kó fún mi ní paracetamol kí n sùn. Ó fi tẹmọ́mítà sí mi lábẹ́ apá, ó rí 38.7. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó ń gba kímò, tí ìgbóná ara rẹ̀ bá dé 38, kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀. Oògùn náà kì í pa jẹjẹrẹ nìkan, ó ń pa àwọn ọmọ ogun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni wọ́n máa ń kéré jù lọ. Kòkòrò tí kò lè ṣe ọmọdé ní nǹkan lè pa àgbàlagbà nígbà yẹn. Aago méjì òru, ó jí ọmọ aládùúgbò tó ní ọkọ̀, wọ́n gbé mi lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn ajẹ́kòkòrò. Bí obìnrin yẹn bá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lóru ọjọ́ náà ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ojú ewé yìí.

Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí àwọn oògùn yìí ti wá. Onísègùn ni mí, mi ò lè gba nǹkan sára kí n má béèrè ìdí rẹ̀. Dókítà mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, nínú mẹ́rin yìí, ewé ni ọ̀kan o." Mo ní kó tún un sọ.

Oògùn kejì yẹn, èyí tó kéré tó sì mọ́ bí omi, vincristine lorúkọ rẹ̀. Ara òdòdó kan ló ti wá, òdòdó kékeré aláwẹ́ márùn-ún, funfun tàbí aláwọ̀ osùn, tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé, tó sì ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òyìnbó ń pè é ní Madagascar periwinkle. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé wa níbí, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Àwọn ará Jàmáíkà máa ń se ewé rẹ̀ mu fún àtọ̀gbẹ. Ní 1952, dókítà kan níbẹ̀ fi ewé náà ránṣẹ́ sí Kánádà, ó bọ́ sọ́wọ́ Robert Noble. Noble àti Charles Beer fún eku ní àgbo rẹ̀ láti wò bóyá á mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kò mú un wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn eku náà ń dín kù. Àwọn méjèèjì ronú pé ohun tó ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun lè wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ń pọ̀ sódì. Ní 1958, wọ́n ti fa èròjà inú rẹ̀ jáde, vinblastine. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí vincristine nínú ewé kan náà, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 1963. Àwọn ará Jàmáíkà ò purọ́ pé agbára wà nínú ewé náà. Àrùn tí agbára yẹn bá jà ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú mi dákẹ́ jù ni ìwọ̀n rẹ̀. Òbítíbitì ewé gbígbẹ ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba èròjà náà. Èyí tí wọ́n sì ń fún èmi géńdé lẹ́ẹ̀kan kì í ju mílígíráàmù 2 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ó lè sọ ènìyàn di arọ. Tó bá dín jù, kò ní ṣiṣẹ́. Àwa náà mọ̀ pé oògùn ní ìwọ̀n, àwọn bàbá wa kò fi ewé ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: mélòó nínú wa ló lè sọ ohun tó wà nínú ife àgbo kan dé mílígíráàmù 2?

Oògùn pupa náà, inú ilẹ̀ ló ti wá. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ojú ò lè rí ló ń ṣe é. Inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lágbègbè ilé olódi àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Castel del Monte. Èyí tí wọ́n fà sí mi lára, cyclophosphamide, ìran rẹ̀ kan gáàsì olóró tí wọ́n fi jagun. Àwọn dókítà rí i pé májèlé yẹn ń run ẹ̀jẹ̀ funfun. Ní 1942, ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún ọkùnrin kan ní irú rẹ̀. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gba kímò bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Irú kókó tó wà lára mi ló wà lára rẹ̀. Àwọn kókó náà wálẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n padà, ó sì kú. Ẹni tó kọ́kọ́ rin ọ̀nà ló ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti tẹ ọ̀nà yìí. Ìbàdàn tó wà lẹ́bàá wa níbí wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ kan máa ń mú àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfríkà lágbọ̀n, àgbọ̀n náà á wú gannku. Denis Burkitt ló kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Ùgáńdà ní 1958, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Lymphoma lòun náà. Ní UCH Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó fi hàn pé oògùn lè mú un kúrò, pé kì í ṣe ọ̀bẹ nìkan. Ní 1972, wọ́n fún òun àti Burkitt pẹ̀lú àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, àga tí mo jókòó lé dà bí àga ilé wa.

Mo bi dókítà pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, kí ló dé tí wọn ò mú èyí tó lágbára jù. Ó ní tó bá jẹ́ ẹyọ kan, jẹjẹrẹ á kọ́ bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Ibi tí kálukú ti ń bá a jà yàtọ̀, ibi tí kálukú ti lè pa ara lára náà yàtọ̀. Mo ní, "Àáró ni." Kò yé e, ni mo bá ṣàlàyé. Ìgbẹ̀ìn àtijọ́ ni Lísàbí ti dáko. Àáró ló fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Àwọn aláàáró yẹn ló di Ẹgbẹ́ Olórógùn tó gbà wá lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó lè dá a ṣe. Ọmọ náà ní òun á máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó le láti sọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé àgbo wo ni mò ń mu. Mo ní mo ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Irọ́ ni. Nígbà tí mo padà délé lẹ́yìn ibà ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní oògùn òyìnbó yìí ń sọ mí di aláìlágbára, ó yẹ kí n fi tiwa gbé e ró. Mo wa egbò, mo sè é, mò ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyá ilé mi ò mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ 21 pé, tí mo lọ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀dọ̀ mi ti daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní wọn ò lè fún mi ní oògùn lọ́jọ́ yẹn. Dókítà náà wò mí, kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, mi ò sọ pé ewé yín ò dára. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń gbé ẹrù oògùn mi àti ẹrù àgbo yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mu fún mi, ká jọ mọ ohun tá a máa ṣe." Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo dárúkọ egbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi sún oògùn kejì síwájú. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà, mò ń fọwọ́ kan kókó ọrùn mi ní òròòwúrọ̀, ó dà bí ẹni pé ó tún ń le. Ohun tí irọ́ mi rà fún mi nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá kan ti ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ti tó ogún ọdún. Ó gbé kókó ọmú wá bá mi, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Mo gbà á. Mo fi oṣù mẹ́fà wò ó kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà yẹn ó ti ya. Mi ò lè sọ pé ì bá yè tó bá tètè lọ, ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà yẹn, ọwọ́ mi ló wà. Mo ti bọ orí mi lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo sì ń sọ fún ẹ̀yin onísègùn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kà á: ẹni tó bá gbé kókó tó ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tàbí ẹni tó ń rù tí kò mọ ìdí wá bá yín, ẹ dá Ifá fún un, ẹ rúbọ fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ lé e lọ fún àyẹ̀wò kí oṣù tó tán. Kò bu iyì yín kù. Ọ̀rúnmìlà kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó di aláìsàn mú sílé.

Àwọn kan ń bi mí láàárín ìgboro pé, "Ẹ̀yin Bàbá Awo, ẹ̀yin náà lọ ń gba abẹ́rẹ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé babaláwo tí eyín bá ń dùn, ṣé kì í ṣí ẹnu ni? Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1934, ẹni tí kò fi Ògún pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, sọ ní gbangba ní 2014 pé òun ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara tó máa ń mú ọkùnrin, prostate. Kò fi bò. Tí irú rẹ̀ bá lè sọ ọ́, ta ni èmi tí n óò máa fara pamọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń dùn mí. Lẹ́yìn oògùn kejì, orí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Vincristine ló ń fà á, ó máa ń bá iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà. Bọ́tìnnì aṣọ di ìṣòro fún mi. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọpọ́n kalẹ̀, mo kó ikin sọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ikin mọ̀ ọ́n: tí o bá gbá a, ọwọ́ òsì rẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ bóyá ẹyọ kan ló kù tàbí méjì, kí ojú tó rí i. Ọwọ́ mi ò sọ nǹkan kan fún mi. Mo gbá a, mo ní méjì ló kù, mo fẹ́ tẹ ẹyọ kan sórí ìyẹ̀rosùn, ni ọmọ awo mi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ẹyọ kan ni o." Mo la ọwọ́. Ẹyọ kan ni. Mo jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ogójì ọdún ó lé, ọwọ́ mi ò ṣì mí rí.

Mo ti ọpọ́n sí iwájú rẹ̀, mo ní kó gbá a. Ó wò mí bóyá inú ń bí mi. Mo ní, "Gbá a, ọmọ mi, ojú mi ṣì ń ríran." Ó gbá a, ó tẹ̀ ẹ́, èmi ń kì í, Odù jáde pé. Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ti ìka náà fún dókítà, ó ní ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀, pé ó máa ń padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn tí oògùn bá parí, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Tí kò bá padà, ẹni tí mo kọ́ ti ń pa ikin. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nìyẹn.

Irun mi ti re tán. Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti fárí láti ọjọ́ tí mo ti tẹ̀fá, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ àfi irùngbọ̀n.

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń gba kímò nílé, ẹ gbọ́ èyí tí mo ti fi ara gbà. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Tó bá fi 38 hàn, ilé ìwòsàn ni, òru ò sí. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ fún un láàárín àkókò oògùn, ojú abẹ kékeré lè di ẹnu ọ̀nà ikú. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹran ẹbọ tútù tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ló ń dúńbú, èmi ń wúre láti orí àga. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń wúkọ́ kó kí i láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ilé wa tí mi ò jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ má bínú, kì í ṣe ìgbéraga. Oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ni kó jẹ. Ohunkóhun tó bá mu, ewé tàbí egbò, kó sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá owó jọ kí àárẹ̀ tó dé bá yín lójú ọ̀nà, oògùn yìí wọ́n. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dá a lóṣooṣù, ẹgbẹ́ awo wa ní Ìgbẹ̀ìn náà sì mú owó wá láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo dúpẹ́ o.

Àwa onífá ń ka ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 5, a ń ka ìtàdógún. Ní báyìí, mo ti kọ́ láti máa ka ọjọ́ 21. Òní ni ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn oògùn kejì. Kókó abẹ́ àgbọ̀n mi ti tún padà wálẹ̀ sí bí hóró àgbàdo. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n máa yà mí ní àwòrán inú ara láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rí. Mo ti rúbọ, mò ń gba oògùn, mi ò purọ́ fún dókítà mọ́. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.

Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé tó ń bọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Tí ẹ ò bá rí i, ọmọ awo mi á kọ ọ́, mo ti fi gègé lé e lọ́wọ́, kò sì burú lójú ọpọ́n.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ ká dá ọ̀nà rìn. Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ ká mọ ewé, kó sì jẹ́ ká mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àṣẹ.

Ó dìgbà kan ná.